Mọ́tò wo ló yẹ buggy 4WD 1/10: 5.5, 6.5 àbí 7.5?

TáyàMẹ́rin:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kíìtì buggy 4WD 1/10 kan (ọkọ̀ rìmóòtù kékeré, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, tí mọ́tò ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) ni mo tò tán, mọ́tò ló kù. Mọ́tò iná tó ń yí jíà ni mò ń wí o, kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀. Ọkọ̀ ni n ó máa pe buggy náà kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: ESC 120A (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún mọ́tò) tó ní ojú sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń sọ ibi tí òòfà mọ́tò wà fún ESC), bátìrì LiPo 2S shorty (7.4 V, irú tó kúrú) 4600 mAh, jíà ńlá eyín 81 (48 pitch, ìyẹn ìwọ̀n eyín rẹ̀). Ìwé kíìtì sọ pé ìṣirò jíà inú jẹ́ 2.5. England níbí ni mo wà. Koríko astro (koríko àtọwọ́dá) ni pápá ẹgbẹ́ wa. Ibi tó tọ́ gbọnrangandan jù níbẹ̀ kò ju mítà 25 lọ, kọ́nà wà níbẹ̀ lọ jàra, òkè ìfò sì jẹ́ mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 5 ni ìdíje kọ̀ọ̀kan. Tí òtútù bá dé, inú gbọ̀ngàn la ń lọ, orí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó ń tajà ní kí n gbé 5.5, pé 4WD nílò agbára. Ẹlòmíì ní 8.5 ló tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti 2WD bọ̀. Mo tún rí àwọn tí wọ́n kọ "3650 3900KV" sí lára, owó wọn kò tó ìdajì ti àwọn tó kù. Èwo ni kí n mú? Eyín mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ lórí jíà kékeré?

BàbáAstro:

Àbúrò, 6.5 ni kí o mú.

BRCA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré ọkọ̀ rìmóòtù ní Britain, kò fi òté lé iye ìlọ́ wáyà ní 4WD, nítorí náà wàá rí 5.5 lọ́wọ́ àwọn tó ti jinná nínú eré náà. Pápá gbalasa ni wọ́n ń gbé e lọ, ìka wọn sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ tírígà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Lórí mítà 25, kí 5.5 tó mí kanlẹ̀, o ti dé kọ́nà, o ti ń wá bíréékì.

Nọ́mbà yẹn, iye ìgbà tí wọ́n lọ́ wáyà kọ́pà mọ́ eyín irin inú mọ́tò ló ń sọ. Bí ìlọ́ bá kéré, wáyà rẹ̀ máa ń nípọn, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, mọ́tò á sáré gan-an, ṣùgbọ́n ipá tí o máa rí lórí ámpù kọ̀ọ̀kan á dín kù. Bí ìlọ́ bá pọ̀, eré á dín, ipá orí ámpù kọ̀ọ̀kan á lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbé ìlọ́ kékeré fi gbọ́dọ̀ fi jíà bá a wí, kí mọ́tò lè máa sáré láìfi agídí fa ẹrù.

Ẹni tó ní 4WD nílò agbára kò purọ́, ìdajì òótọ́ ló sọ. Lórí 2WD, tí o bá tẹ tírígà jù, táyà ẹ̀yìn á yí lásán, ẹrù á sì bọ́ lọ́rùn mọ́tò. Lórí 4WD, táyà mẹ́rin ló di astro mú, kò sí èyí tó fẹ́ yọ̀, orí mọ́tò ni gbogbo ẹrù náà ń padà sí. Fi dífù méjì (jíà tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti òsì lè yí ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) kún un, àti ṣáàfù tàbí bẹ́líìtì tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Mọ́tò tó ń tutù nini nínú 2WD lè máa rùn bíi wáyà jíjóná nínú 4WD, mọ́tò kan náà o. Nítorí náà ooru ni kí o fi yan mọ́tò, má fi bó ṣe ń hu lórí tábìlì yàn án.

Ó kan jíà. Pín eyín jíà ńlá sí eyín jíà kékeré, kí o wá fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀:

eyín 18: 81 ÷ 18 × 2.5 = 11.25
eyín 20: 10.13
eyín 21: 9.64
eyín 22: 9.20
eyín 23: 8.80

6.5 lórí pápá kékeré bíi tiyín, bẹ̀rẹ̀ láti eyín 20. Tí o bá fi dandan gbé 5.5, má kọjá eyín 18 lákọ̀ọ́kọ́. 7.5 lè gba 22. Wò ó pé eyín kan ṣoṣo ń yí ìṣirò padà ní bí ìdá 5 nínú 100. Má fo eyín méjì lẹ́ẹ̀kan náà láé.

Ká fi ìṣirò tì í lẹ́yìn: 6.5 kan tí KV rẹ̀ (iye ìyí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì kọ̀ọ̀kan) jẹ́ 5200, lórí 7.4 V, á yí ìgbà 38,480 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹrù kò bá sí lórí rẹ̀. Pín in sí 10.13, táyà á yí bí ìgbà 3,800. Táyà tó fẹ̀ ní 83 mm ń jẹ ilẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 26 ní ìyí kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, kò ní dé bẹ̀, àmọ́ ojú mítà 25 kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí o súnmọ́ ọn. Ṣé o wá rí i pé eré kọ́ ló máa wọ́n ọ?

ÒòfàTutù:

Ibi tí Bàbá Astro sọ̀rọ̀ ooru dé, mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ 7.5 ni èmi máa gbé lé ẹni tó ń ti 2WD bọ̀ lọ́wọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ìgbà òtútù ń di táyà mú ju astro lọ, ẹrù orí mọ́tò á tún lékún. 7.5 pẹ̀lú eyín 22 máa ń rọ̀ lọ́wọ́. Ìka tó bá ṣèèṣì tẹ tírígà kò ní fi ọkọ̀ sọ pátákó etí pápá. 8.5 kò burú náà, ó kàn jẹ́ pé òkè ìfò lè fẹ́ kí o sáré wá láti òkèèrè, pápá tó há kò sì ní fún ọ láyè ìyẹn.

Nípa 3650 3900KV: 36 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, 50 mm ni gígùn rẹ̀, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwọn mọ́tò tí à ń sọ (540 ni wọ́n ń pe ìwọ̀n náà). KV 3900 sì súnmọ́ ti 8.5. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn kò ní sẹ́ńsọ̀. ESC á máa fi iná tó ń padà bọ̀ láti inú wáyà mọ ibi tí òòfà wà. Tí mọ́tò bá dúró, iná kankan kò padà wá, ESC á wá máa fọwọ́ wá a bí ẹni tó wọ yàrá òkùnkùn. Òun ló ń fa gbígbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí. Ní pápá tó kún fún kọ́nà tó há, ìgbà gbogbo lo ń ṣí. Fún ọmọ tó fẹ́ máa sá a kiri ní páàkì, ó dáa. Fún ìdíje, ra oní-sẹ́ńsọ̀.

Bi ẹni tó ń tajà léèrè bí òòfà inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. 12.5 mm ló wọ́pọ̀, àwọn 12.3 àti 12.0 náà wà. Èyí tó tóbi ń mú ipá wá, bíréékì rẹ̀ sì le. Èyí tó kéré ń sáré lókè. Pápá kékeré, 12.5, kò sí àríyànjiyàn.

Kí ooru má di ohun tí à ń fi ẹnu lásán sọ: òòfà yẹn, neodymium ni. Bó bá gbóná kọjá ohun tí ara rẹ̀ gbà, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ á lọ, kò sì ní padà nígbà tó bá tutù. Mọ́tò tí òòfà rẹ̀ ti rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Lórí tábìlì, á sáré *ju* ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí òòfà tó rọ̀ ń gbé KV ga. Gbé e sórí ilẹ̀, kò ní ipá, á máa mu ámpù bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ooru á tún pọ̀ sí i, òòfà á tún rẹ̀ sí i. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi "ó ń sáré gan-an" polówó irú mọ́tò àlòkù bẹ́ẹ̀. Tí o bá ń ra àlòkù, fi ọwọ́ yí ṣáàfù rẹ̀: o gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé òòfà ń dì í mú, á máa ṣe kú, kú, kú. Tó bá ń yí fẹlẹfẹlẹ, fi í sílẹ̀. Tí o bá gbọ́ ìró bí iyanrìn, bíárìn ló ti lọ, ìyẹn ṣeé pààrọ̀.

70 °C ni kí o máa fojú sí lẹ́yìn ìdíje. Tó bá ti lé 80, dúró, wá ìdí. Ẹ̀rọ alámì pupa tí wọ́n fi ń wọn ooru láti òkèèrè kì í sọ òótọ́ lórí irin tó ń dán, nǹkan tó kéré ló máa kà fún ọ. Dojú rẹ̀ kọ irin dúdú àárín mọ́tò, tàbí kí o lẹ tépù dúdú kékeré mọ́ ara mọ́tò, ibẹ̀ ni kí o máa wọ̀n. Tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: fáànù ti dúró, ooru inú ń jáde bọ̀, nọ́mbà kejì sábà máa ń ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

BàbáAstro:

ÒòfàTutù, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní 6.5 lè fi ESC sọ ọ́ di ẹni pẹ̀lẹ́: dín punch (bí ESC ṣe ń rọ́ iná sínú mọ́tò lójijì) kù, fi rìmóòtù rọ àárín tírígà. Ẹni tó ra 7.5, tó wá fẹ́ kí ó sáré sí i, táímìn (bí iná ṣe ń ṣáájú àkókò dé inú mọ́tò) ló máa gbé sókè, ooru tó sá fún náà ló sì máa padà bá pàdé.

Ohun kan tó yẹ kí ó mọ̀ ni pé dídín òpin tírígà kù nínú rìmóòtù kì í wo jíà tó wúwo sàn. Bí eyín bá pọ̀ jù, ó pọ̀ jù.

Léèdì60W:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ yíyàn tó. Ibi tí wọ́n ti ń ba mọ́tò tuntun jẹ́ kí ó tó dé pápá ni mo fẹ́ fọwọ́ bà.

Síkúrù tó ń di mọ́tò mú: M3 ni, ihò méjèèjì jìnnà síra ní 25 mm. Ẹ̀yìn ihò yẹn gan-an ni wáyà kọ́pà wà. Síkúrù tó gùn jù á wọlé lọ gún wáyà náà, mọ́tò á kú kí ó tó ṣiṣẹ́ rárá, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Wo inú ìwé mọ́tò bí síkúrù ṣe lè wọlé jìn tó. Gígùn síkúrù, yọ ìnípọn irin tí o fẹ́ de mọ́tò mọ́ kúrò, èyí tó kù ló ń wọnú mọ́tò. Síkúrù 8 mm nínú irin 3 mm, 5 mm ló wọlé. Fi ọwọ́ yí i lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá ti le kí orí rẹ̀ tó kan irin, tú u, wá èyí tó kúrú.

Jíjó léèdì láti so wáyà mọ́ mọ́tò: áyọ́ọ̀nù tó kéré jù ni 60 W, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ṣóńṣó tí wọ́n fi ń tún rédíò ṣe kò lè gbé ooru tó pọ̀ sórí irin mọ́tò. Wàá dì í mú títí, léèdì kò ní yọ́ dáadáa, ooru á ti rin wọlé lọ bá sẹ́ńsọ̀. Fi léèdì bo ẹnu wáyà, fi bo etí irin mọ́tò, gbé wọn pàdé, ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 4, ó tán. Tó bá jọ bọ́ọ̀lù kékeré tó gúnlẹ̀ sórí irin, tí kò dán, kò tíì mú. Tún un jó. Wáyà 12 tàbí 13 AWG. Gé e kúrú, ṣùgbọ́n fi àyè sílẹ̀ kí mọ́tò lè rìn síwá-sẹ́yìn nígbà tí o bá fẹ́ pààrọ̀ jíà.

A sí A, B sí B, C sí C. Ẹni tó bá ti lo mọ́tò aláìní-sẹ́ńsọ̀ rí mọ̀ pé tí o bá pààrọ̀ wáyà méjì, mọ́tò á yí sí ìhà kejì. Má dán an wò níbí. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ ohun kan fún ESC, wáyà ń sọ òmíràn, mọ́tò á kàn gbọ̀n, ESC á gbóná lójú ẹsẹ̀. Inú ètò ESC ni wọ́n ti ń yí ìhà padà.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ ní ẹnu 6. Tí ọkọ̀ tó ti ń ṣí dáadáa bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wáyà yìí ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀ kí o tó dá mọ́tò lẹ́bi. Owó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń já nínú níbi tí ojú kò ti rí i. Má jẹ́ kí ó súnmọ́ jíà ńlá.

Jíà kékeré: síkúrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí ibi pẹlẹbẹ ara ṣáàfù, pẹ̀lú oje búlúù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú. 48 pitch ni tìrẹ. Má gba 0.6 module (ìwọ̀n eyín mìíràn) láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú wọ́n jọra, ẹnu wọn kò bára mu, yóò jẹ eyín jíà ńlá tán láàárín bátìrì kan. Láti fi àyè sí àárín jíà méjèèjì, ki bébà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́, ti mọ́tò mọ́ ọn, fún síkúrù, yí bébà náà jáde. Fi ìka mi jíà ńlá: ó yẹ kí ó ṣe tín díẹ̀, kí o gbọ́ ọ ju kí o rí i lọ. Yí jíà ńlá lọ ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin kí o tún mi ín, torí kì í sábà rí róbótó pátápátá. Tó bá fún jù, á máa sunkún, mọ́tò á sì gbóná lásán.

TexasBlinky:

Ẹ kú àpérò o. Fún ẹni tó bá ń kà á láti Amẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹgbẹ́ yín bá ń sá 4WD 13.5 lábẹ́ òfin ROAR, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré yìí níbẹ̀. Níbẹ̀, kò sí yíyan ìlọ́. ESC gbọ́dọ̀ wà ní ipò tí kì í fi táímìn kankan kún un, iná rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú kí alábòójútó lè rí i, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní blinky. Mọ́tò nìkan lo lè fi táímìn sí, nítorí náà jíà ibẹ̀ máa ń ga gan-an, ìṣirò rẹ̀ kéré púpọ̀ sí 9 tàbí 10 tí wọ́n ń sọ lókè yìí. Ẹ má gbé nọ́mbà 6.5 lọ sórí 13.5, ọkọ̀ yín kò ní kúrò lójú kan.

TáyàMẹ́rin:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo mú 6.5, òòfà 12.5. Jíà kékeré tó wà lọ́wọ́ jẹ́ eyín 21, òun ni mo fi sí i. Bó ṣe rí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 rèé: irin dúdú àárín mọ́tò 89 °C, ESC 61 °C, ṣájà dá 2900 mAh padà sínú bátìrì. Ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò sáré. Ọkọ̀ 7.5 ń yọ mí lẹ́sẹ̀ lórí ojú títọ́. Táímìn wà lórí àmì 30 bó ṣe ti inú páálí jáde. Ìhà ẹ̀yìn ni ọkọ̀ kọ́kọ́ ń lọ, mo bá yí ìhà mọ́tò padà nínú ESC bí Léèdì60W ṣe wí. Drag brake (bíréékì tó ń mú fúnra rẹ̀ bí mo bá fi tírígà sílẹ̀) 15. Ṣé kí n bọ́ sí eyín 19 ni?

Léèdì60W:

Má tíì fọwọ́ kan jíà. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó ṣe é, èmi náà ni mi ò parí ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

Táímìn orí mọ́tò, pátákó sẹ́ńsọ̀ ni ò ń yí díẹ̀ kúrò ní àárín, kí ESC lè máa fi iná ránṣẹ́ díẹ̀ ṣáájú àkókò. Ṣáájú, ní ìhà tí mọ́tò ń yí sí. Ìhà tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ mọ́tò ni pé, bí o bá dojú kọ ṣáàfù tí jíà kékeré wà lórí rẹ̀, kí ó máa yí lòdì sí ọwọ́ aago. Kíìtì tìrẹ fẹ́ kí ó yí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Nígbà tí o yí ìhà padà nínú ESC, o kò yí pátákó sẹ́ńsọ̀. Àmì 30 tó yẹ kí ó ṣáájú ti di 30 tó ń pẹ́ lẹ́yìn. Iná ń dé nígbà tí òòfà ti ń kọjá lọ. Ohun tí èyí ń bí ni eré tó dín, ámpù tó pọ̀, ooru tó ga, mẹ́ta tí o kà sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Jíà tó wúwo jù kì í sábà mú kí ọkọ̀ 7.5 fi ọ́ sílẹ̀ lójú títọ́. Á gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n á sáré.

Yọ wáyà bátìrì. Tú síkúrù mẹ́ta ẹ̀yìn mọ́tò díẹ̀, má tú wọn yọ. Wo ara rẹ̀ bóyá àmì CW (bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ) àti CCW (lòdì sí ọwọ́ aago) wà: CW ni tìrẹ. Yí ẹ̀yìn mọ́tò kọjá òdo sí ìhà kejì, dúró sí 20 sí 25, dí síkúrù padà ní ìwọ̀nba. Ike ló wà lábẹ́ wọn, ó máa ń fọ́. Bí mọ́tò náà kò bá ní àyè kọjá òdo, fi í sí òdo gan-an kí o sì jẹ́ kí ESC fún un ní táímìn. Lẹ́yìn náà ni kí o ní kí ESC tún kọ́ sẹ́ńsọ̀, tí ti tìrẹ bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

ÒòfàTutù:

Òtítọ́ ni. Bí o bá ti ń ṣe ìyẹn, yẹ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú. Yọ jíà kékeré kúrò, fi ọwọ́ ti ọkọ̀ lórí tábìlì. Ó yẹ kí ó máa yí lọ fúnra rẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dúró. Tó bá dúró gbọ̀n-ín lójú ẹsẹ̀ tí o fi í sílẹ̀, bẹ́líìtì ló fún jù, tàbí dífù tí wọ́n dí jù, tàbí bíárìn kan tó ti bàjẹ́ ní ọrùn táyà. Gbé táyà kọ̀ọ̀kan sókè, yí i, fi etí sí i.

Slipper náà ńkọ́, ìyẹn páàdì ara jíà ńlá tó máa ń yọ̀ díẹ̀ bí ìkọlù bá le? Fi ọkọ̀ sílẹ̀, tẹ tírígà dé òpin lẹ́ẹ̀kan láti ojú kan. Ó yẹ kí o gbọ́ kí ó sunkún fún bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, kó tó di mú. Tí kò bá sunkún rárá, gbogbo ìkọlù nígbà tí o bá balẹ̀ láti orí òkè ìfò ń lọ sórí eyín jíà àti bẹ́líìtì. Tó bá ń sunkún títí dé ìdajì ojú títọ́, páàdì ń jó, ooru rẹ̀ á sì ran jíà ńlá.

Bátìrì rẹ tún jẹ́rìí sí i. 2900 mAh ní ìṣẹ́jú 5, ìyẹn 2.9 lọ́nà 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpù 35 lápapọ̀ ìgbà. Fún pápá tí o ṣàpèjúwe, ó ti pọ̀ jù. Máa kọ nọ́mbà tí ṣájà bá fún ọ sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìdíje, ó máa ń sọ òkodoro ọ̀rọ̀ kí ooru tó sọ ọ́. Drag brake 15 kò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ gbé e sí òdo fún bátìrì kan, kí o lè mọ ohun tó jẹ́ ti táímìn nìkan.

TáyàMẹ́rin:

Àmì CW wà lára rẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi í sí 22, jíà kékeré ṣì jẹ́ 21, mi ò yí nǹkan míì padà. 71 °C lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, 74 nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. 2250 mAh. Ó ń sáré débi pé mo ti dín punch kù. Ọkọ̀ ń yí lọ dáadáa nígbà tí mo yọ jíà, ṣùgbọ́n táyà iwájú òsì ní ìró díẹ̀.

Ṣé eyín 21 yìí náà ni kí n gbé lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì?

BàbáAstro:

2250 jẹ́ ámpù 27, ìyẹn ti bọ́ sípò. Pààrọ̀ bíárìn ọrùn táyà òsì yẹn kó o tó lọ ibòmíì.

Kápẹ́ẹ̀tì, bọ́ sí eyín 20. Má sá ìṣẹ́jú 5 lákọ̀ọ́kọ́. Sá ìṣẹ́jú 2, dá a dúró, wọ̀n ọ́n. Tó bá ti kọjá 60 ní ìṣẹ́jú 2, kò ní dúró sí 70 ní ìṣẹ́jú 5. Mú 19, tàbí kí o dá táímìn padà sí 15. Ọ̀kan nínú méjèèjì o, má ṣe wọ́n pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tó bá wà lábẹ́ 50, padà sí 21.

Ra fáànù 30 mm kan náà, kí atẹ́gùn rẹ̀ dojú kọ irin dúdú àárín, kì í ṣe ẹ̀yìn ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Inú gbọ̀ngàn, òwú kápẹ́ẹ̀tì máa ń wé mọ́ ṣáàfù lẹ́yìn jíà kékeré. Yọ jíà náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fi abẹ gé òwú ibẹ̀ kúrò, kí o sì kán òróró ẹyọ kan péré sí bíárìn mọ́tò níwájú àti lẹ́yìn.